Ìtàn Tí Nǹkan Kan Ò Ṣẹlẹ̀ Nínú Rẹ̀

Òórùn kọfí tó ti tutù ni mo fi ń rántí kíláàsì náà. Lẹ́yìn tí mo bá ti tọ́jú àwọn arúgbó láti àárọ̀ nílé ìtọ́jú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Humble, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Houston ní Amẹ́ríkà, màá wa mọ́tò gba òpópónà freeway lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹsẹ̀ mi á ti wú, oorun á sì máa kùn mí. Ìwé ẹ̀rí ni mo ń wá, kíláàsì ìtàn kúkúrú ilẹ̀ Scotland nìkan ni àkókò rẹ̀ sì bá tèmi mu. Bí a ò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Obìnrin àgbà kan, ará Scotland, ni tíṣà wa. Iṣẹ́ epo rọ̀bì tí ọkọ wọn ń ṣe ló gbé wọn dé Houston. Ọkọ kú, tíṣà sì dúró síbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èmi tí mo fẹ́ fi ọ̀yàyà hàn, mo ní, "Mà, ẹ̀yin Gẹ̀ẹ́sì mọ ìtàn sọ." Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní àwọn kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Mo tọrọ àforíjì, àmọ́ kò yé mi rárá. Nílé wa, òyìnbó ìlú ọba ni gbogbo wọn. Mo wá béèrè pé ṣebí ọba kan náà ni wọ́n ní, páṣípọ́ọ̀tù kan náà, kí wá ni ìjà?

"Ìwọ ńkọ́?" ni tíṣà wí. "Yorùbá lo pe ara rẹ nígbà tí a ń kíra wa. Páṣípọ́ọ̀tù wo lo mú wọ Amẹ́ríkà?"

Mo ní ti Nàìjíríà ni.

Ìtàn kan wà tí tíṣà fẹ́ràn gan-an. Ọmọkùnrin kan lọ gbé ìyá rẹ̀ arúgbó láti erékùṣù wọn wá sí ìlú ńlá. Ìyá jókòó sójú fèrèsé, ó ń wo omi, ó ń béèrè ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé e padà sílé. Ìtàn parí síbẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, èdè abúlé tí òǹkọ̀wé fi sí ìyá yẹn lẹ́nu sì le bí egungun. Mo nawọ́, mo ní, "Mà, kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn yìí." Wọ́n ní kí n má ju ìwé náà nù.

Nǹkan mìíràn kúkú ló ń jẹ mí lọ́kàn nígbà yẹn. Ìyá mi nìkan ló kù sílé ní Ìkirè, ojú wọn ti ń di bàìbàì, àfi kí n di ọmọ Amẹ́ríkà kí n tó lè gbé wọn wá. Ìbúra tí èèyàn fi ń di ọmọ Amẹ́ríkà ni mi ò lè gbé mì: wọ́n ní kí n kọ orílẹ̀-èdè mi sílẹ̀. Mo bi tíṣà bóyá wọ́n ti búra. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìlú mi ò ní páṣípọ́ọ̀tù tirẹ̀," ni wọ́n wí. "Èwo ni màá kọ̀ sílẹ̀?"

Mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ṣé Nàìjíríà ló bí ọ ni? Èmi ni mo bí ọ. Búra fún wọn jàre, kí n rí ojú ẹ kí tèmi tó fọ́."

Mo búra. Mo na ọwọ́ ọ̀tún sókè láàárín èrò, mo kọ Nàìjíríà sílẹ̀, mo sì ń tu ara mi nínú pé ẹnikẹ́ni ò dárúkọ Yorùbá. Mo rò pé mo ti gbọ́n ju ìjọba lọ.

Ìyá mi ti wà lọ́dọ̀ wa báyìí. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ etí wọn pé, bẹ́ẹ̀ ni pápá ọkọ̀ òfuurufú ò sì jìnnà sí wa. Ojú fèrèsé ni wọ́n ń jókòó sí. Tí bàálù bá ti hó kọjá, wọ́n á ní, "Ṣé ìyẹn ló ń lọ sílé?"

Ọmọbìnrin mi, tí Yorùbá rẹ̀ ò ju ìkíni àti oúnjẹ lọ, á dì mọ́ wọn. "Grandma, you're home. Ilé nìyí."

"O ṣé o, ọmọ onílé," ni ìyá mi máa ń dáhùn.

Àlejò ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn, nítorí kí àwọn méjèèjì lè jọ wà nílé kan náà ni mo ṣe búra. Màá bọ́ bàtà iṣẹ́, màá jókòó tì wọ́n, á ti rẹ̀ mí ju kí n máa ṣàlàyé lọ. Bàálù mìíràn á hó, wọ́n á tún bi mí.

"Ìyẹn kọ́, Màámi," ni màá wí. "Tiwa ń bọ̀ lẹ́yìn."