Bátìrì Tí Mo Fi Yangàn

Láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba, kò sẹ́ni tó mọ irọ́ í pa tó mi. Mo ti sọ fún wọn rí pé ìgbín ni mo gùn sọ̀kalẹ̀ láti Mápó lọ sí Ògùnpa, mo sì débẹ̀ ṣáájú ọkọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Èyí tí mo fẹ́ kọ yìí kì í ṣe ara irọ́ wọ̀nyẹn.

Ìyàwó mi ló ń ṣàìsàn. Ọmọ márùn-ún ló bí fún mi, kálukú ló sì ní orin tí ó fi pọ̀n ọ́n. Ó ní kí n kọ wọ́n sílẹ̀ kí òun tó lọ, pàápàá ti àwọn méjì tó kú ní kékeré, torí kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n.

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Kọ̀ǹpútà tí ọmọ wa obìnrin fi sílẹ̀ ni mo fi ń kọ ọ́, ìka kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Linux ló wà nínú rẹ̀, ètò tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn para pọ̀ kọ bí ìgbà tí wọ́n jọ ń ṣọ̀wẹ̀, tí ẹnikẹ́ni sì lè lò láìrà á. Ọmọ náà kọ́ mi bí a ṣe ń wo ohun tó ń jẹ iná nínú rẹ̀. Ó wọ̀ mí lára. Mo dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, mo pa Wi-Fi. Mo rí i pé ètò ìkọ̀wé ńlá ń jẹ bátìrì, mo pa á tì, mo ń lo kékeré kan. N kì í pa ẹ̀rọ náà rárá; màá kàn dé e, á sùn. Bí mo bá tún ṣí i, ibi tí mo dé ni màá bá. Mo ṣebí ó ti fi í pamọ́ nìyẹn.

Àfi ìgbà tí tiransifọ́mà àdúgbò wa jó. Onígbàjámọ̀ tó kọjú sílé wa ní jẹnẹrétọ̀.

"Bàbá, ẹ gbé e wá kí n fi síná fún yín."

"Tèmi kẹ̀? Ọjọ́ mẹ́rin ló máa lò. Bí ẹyẹ ṣe ń mu omi ló ṣe ń mu iná."

"Irọ́ yín yìí gan-an ló nílò jẹnẹrétọ̀."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Ó wá di dandan kí n borí.

Ìyàwó mi gbọ́ látojú fèrèsé. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ gbé e fún un. Orin mi wà níbẹ̀."

Mo ní, "Fọkàn balẹ̀. Ó ń sùn ni."

N kò mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń sùn ṣì ń jẹun. Lọ́jọ́ kẹta mo ṣí i, ó ṣókùnkùn. Ojú tì mí láti gbé e sọdá. Mo fi aṣọ bò ó, mo gbé e lọ fi síná ní Oríta-mẹ́rin. Nígbà tó tàn, ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Orin kankan kò sí. N kò tẹ ibi tí a ń tẹ̀ kó tó fi nǹkan pamọ́ lẹ́ẹ̀kan rí.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ohùn ìyàwó mi ti di èémí lásán. Kò lè kọrin mọ́. Ó ní, "Ẹ ka ti ọmọ kejì fún mi." Ọ̀kan nínú àwọn tó kú nìyẹn.

Mo gbé ẹ̀rọ lé orúnkún, mo tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń kàwé, mo sì ń hun orin náà látinú orí ara mi. Mo fi àdàbà sí i, mo fi òjò sí i, mo fi iṣu sísun sí i.

Ó gbọ́ ọ tán.

"Kò sí àdàbà nínú rẹ̀," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà."

Mo fẹ́ tún un kà. N kò rántí ohun tí mo sọ mọ́.