Apá Òsì Nínú Làálì Ìyá Mi

Ara èèyàn ni ìyá mi mọ̀ ọ́n kun làálì sí, wọn ò mọ ti bébà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kéèkì ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìbà, mo kó bébà àti bírò lọ bá wọn nílé ní Àjàngbàdì, mo ní kí wọ́n ya òdòdó làálì wọn fún mi kí n lè máa wò ó ṣe iṣẹ́. Wọ́n ya nǹkan kan tó jọ ẹsẹ̀ adìẹ, wọ́n sì sọ bírò nù.

"Na apá ẹ wá jàre," ni wọ́n wí. "Èwo ni ti bírò?"

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Màá jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún wọn lórí ẹní, màá na apá mi kọjá lórí itan wọn, wọn á sì máa fún làálì sí i láti inú ọ̀rá ṣóńṣó tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ká: ìtàkùn, ewé, òdòdó, àwọn àmì tótòtó tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Bó bá gbẹ, màá tẹ́ ọ̀rá tó mọ́ gaara lé e, màá fi bírò tẹ̀ lé gbogbo ìlà náà, màá wá fi abẹ gé e jáde lára ọ̀rá líle. Èyí tá a gé yẹn là ń pè ní pátánì. Bí mo bá tẹ́ ẹ sórí kéèkì, tí mo fa áísìn kọjá lórí rẹ̀, tí mo sì rọra ṣí i, iṣẹ́ ọwọ́ ìyá mi á wà níbẹ̀ kedere. Wọ́n ń ta pátánì ilẹ̀ Ṣáínà káàkiri, ṣùgbọ́n ìyàwó tó bá ti rí ti ìyá mi kì í bojú wo ìyẹn mọ́.

Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: a kì í fi àyè sílẹ̀ lófìfo. "Ibi tí làálì ò bá dé," wọ́n á ní, "ojú ayé á dé ibẹ̀." Bí mo bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fo ibì kan kó lè rọrùn fún mi láti gé, ńṣe ni wọ́n máa gbá mi lọ́wọ́.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí àlàfo àkọ́kọ́, àyà mi já. Ó wà nítòsí ọrùn ọwọ́ mi, lápá òsì wọn, kò sì tóbi. Mo ní, "Màámi, ẹ ò tíì parí ibí yìí o."

Wọ́n wo apá mi dáadáa. "Mo ti parí. Gbé apá ẹ kúrò lórí itan mi, ó wúwo."

Mo fi ọwọ́ ara mi dí àlàfo náà lórí ọ̀rá, mo sì sọ fún ara mi pé ojú àgbà ni. Mo ra awò ojú fún wọn. Wọ́n lò ó, àlàfo náà sì tún fẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, ìtàkùn kì í dé ọrùn ọwọ́ mi rárá mọ́. Á kàn já láàárín apá bí ẹni pé ẹnì kan fi abẹ gé e.

Ọmọbìnrin kan tó ń múra ìgbéyàwó wá láti Ìjanikin, ó rí pátánì kan tí mi ò tíì dí àlàfo rẹ̀ lórí tábìlì, ó pariwo. "Ah, Aunty, this one fine die! Ẹ wo bí ẹ ṣe fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀. Èyí gan-an ni mo fẹ́, ẹ má fi nǹkan kan kún un." Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a létí. Kí ló mọ̀? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù lòun ń pè ní ẹwà.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìyá mi. Èjìká òsì wọn ń gbá férémù ilẹ̀kùn, ó ti wú, ó sì dúdú. Yẹtí wà létí ọ̀tún, kò sí létí òsì. Wọ́n á jẹ ìrẹsì apá ọ̀tún àwo mọ́ féfé, wọ́n á wá máa bínú pé oúnjẹ tí mo bù kéré. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń kírun Aláásárì, mo jókòó lẹ́yìn wọn. Ọ̀tún àti òsì la máa ń kí sálámà sí láti fi parí ìrun; wọ́n kí ti ọ̀tún. Mo ń dúró de ti òsì. Wọ́n dìde, wọ́n ká ẹní wọn.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù. Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó."

"Ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ni bàbá ẹ fi rìn wọ ọsibítù," ni wọ́n dáhùn. "Ṣé ẹsẹ̀ ara ẹ̀ náà ló fi rìn jáde?" Bí mo bá ti tún dárúkọ dókítà, wọ́n á dìde kúrò níwájú mi. Mo bẹ̀bẹ̀, mo sunkún, mo jágbe mọ́ wọn pẹ̀lú, ohun tí ọmọ ò gbọ́dọ̀ ṣe. Gbogbo rẹ̀ já sí pàbó, àlàfo yẹn sì ń fẹ̀ sí i. Mo mọ̀ pé ìyá mi ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò sì mọ ibi tí mo lè dì mú.

Tábìlì kéèkì ló bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Ó jẹ́ àwo fífẹ̀ kan tó ń yí lórí ẹsẹ̀, òun la máa ń gbé kéèkì lé ká lè máa ṣiṣẹ́ yí i po. Wọ́n wá kí mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí pátánì tí ọmọ Ìjanikin yẹn yàn kúrò lórí kéèkì rẹ̀. Wọ́n jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ó kún dáadáa," ni wọ́n wí. Áísìn kán sílẹ̀ lẹ́yìn kéèkì, mo yí tábìlì kí n lè nù ún.

Ìyá mi figbe ta. "Ta ló pa á rẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó pa nǹkan kan rẹ́, Màámi." Mo yí i padà.

"Ó ti kún." Wọ́n wò mí, wọ́n wo kéèkì. "Tún un yí."

Mo tún un yí. Wọ́n fi ìka lé orí ìtàkùn náà, wọ́n ní kí n máa yí i díẹ̀díẹ̀, ìka wọn sì ń tẹ̀ lé e títí ó fi dé ibi tó ti já. Lẹ́yìn ibẹ̀, funfun ni gbogbo rẹ̀. Wọn ò gbé ìka kúrò níbẹ̀.

"Èmi ni mo ṣe èyí?"

"Ẹ̀yin ni, Màámi."

Wọ́n wá ní, "Mú mi lọ sí ọsibítù tí bàbá ẹ rìn wọ̀."

Dókítà obìnrin kan fi àwòrán orí wọn hàn mí. Nǹkan funfun kan wà lápá ọ̀tún ọpọlọ, ó tó èkùrọ́. Ó ní apá ọ̀tún ọpọlọ ló ń bójú tó òsì, òun ló sì fà á tí òsì ayé fi ń pòórá fún ìyá mi. Wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí.

Nígbà tí iṣẹ́ abẹ ku ọ̀la, ìyá mi ní kí n na apá wá. Wọ́n kun ún dé ibi tójú wọn lè dé, wọ́n ní kí n yí i, wọ́n tún kun ún. "Kò sí àlàfo mọ́?" ni wọ́n bi mí. Ọ̀kan ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo di ìkúùkù, mo ní kò sí.

Nídìí ìrun Àsùbáà ọjọ́ kejì, wọ́n kí sálámà sí ọ̀tún, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀, wọn ò dìde. "Ṣé mo ti kí ti òsì?" Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú wọn mú, mo rọra yí i sí òsì. Wọ́n wo ibẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kí i, ohùn wọn lọ sílẹ̀, bí ẹni tó rí àlejò tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tipẹ́.

Èmi náà wo ibẹ̀. Ògiri lásán ni mo rí. Ọkọ̀ tó fẹ́ gbé wa lọ sí ọsibítù ti ń fọn fèrè níta.