Ọkọ̀ Tí Kò Kùn Mọ́

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Elétí-Ọfẹ́, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí àgbà máa sọ nínú yàrá tí kò ní gbọ́ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n gbá a létí títí, kò jáwọ́. Ìgbà tó dàgbà, etí yẹn náà ló fi ń jẹun. Wáyà mọ́tò ló ń tún ṣe, òun nìkan sì lobìnrin ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Kó o tó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò rẹ, ó ti gbọ́ ohun tó ń ṣe é.

Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá rẹ̀. Mọ́tò bàbá yìí ń kùn, ìyàwó rẹ̀ náà ń kùn. “Ẹ ń sáré jù. Ibi tá a máa yà nìyẹn o. Ẹ̀yin náà ẹ ò wo iwájú!” Bàbá a máa rẹ́rìn-ín, a ní ẹ́ńjìnnì méjì lòun ń wà.

Àfi bí wọ́n ṣe ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá lọ́fun. Ara rẹ̀ yá, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ohùn ò padà. Wúyẹ́wúyẹ́ ló kù. Nílé, wọ́n ń gbọ́ra wọn yé. Tí wọ́n bá ti wọ mọ́tò báyìí, bàbá á ní, “Kí lo wí?” Ìyá á tún un sọ. “Hẹ̀n? Kí lo wí?” Nígbà tó yá, ìyá panu dé, ó kọjú sí fèrèsé.

Bàbá wá bá ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. “Elétí-Ọfẹ́, ṣé o ò lè bá mi pa kíkùn mọ́tò yìí ni? Ìyá ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ mọ́.” Àánú rẹ̀ ṣe ọmọ náà débi pé kò lè gbójú sókè.

Ó wá ẹ̀rọ kan rà, ó so máìkì mọ́ òrùlé mọ́tò, ó sì so ó pọ̀ mọ́ àwọn sípíkà.

“Bàámi, máìkì á máa gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kùn, sípíkà á sì máa ta ìró kan náà padà ní òdìkejì. Tí ẹ bá ń ti ilẹ̀kùn láti ìta, témi náà ń tì í láti inú, tí agbára wa dọ́gba, ṣé ilẹ̀kùn á mì?”

“Kò ní mì.”

“Bí afẹ́fẹ́ ìdí etí yín ṣe máa dúró jẹ́ẹ́ nìyẹn.”

“Kò ní pa ohùn ìyá ẹ mọ́ ọn? Ìyẹn náà ń kùn o!”

Ó rẹ́rìn-ín. “Kíkùn tó wà nísàlẹ̀, tí kì í yí padà, nìkan lagbára rẹ̀ ká. Ohùn èèyàn ga jù fún un. Fèrè mọ́tò, tàbí kí táyà já sí kòtò gbàà, kó tó dá ìyẹn lóhùn, ó ti kọjá. Ariwo atẹ́gùn fèrèsé náà, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ibi tí orí yín wà lórí ìjókòó nìkan ló sì ti máa ṣiṣẹ́ dáadáa.”

Wọ́n táná sí i. Yéè! Mọ́tò bú ramúramù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá, tí bàbá ti mú wá láti dán an wò, fọwọ́ di etí méjèèjì. Àṣé ọmọ wa ti gbé wáyà sípíkà sódì, sípíkà àti ẹ́ńjìnnì wá jọ ń ti ilẹ̀kùn láti ẹ̀gbẹ́ kan náà. Àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀bù ní, “Etí ọfẹ́ ti tán, ẹ lọ ra òmíràn!” Ó ṣépè fún wọn, ó yí wáyà padà.

Wọ́n gbéra lọ sílé, Elétí-Ọfẹ́ wà lẹ́yìn. Kíkùn náà lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Bàbá mí kanlẹ̀, ó ń retí. Ìyá ò yíjú kúrò lójú fèrèsé. Ọkàn ọmọ bà jẹ́. Ẹ̀rọ tó ń panu mọ́tò dé wà, èwo ló ń la ẹnu èèyàn?

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé, bàbá ò dúró. Ó kọjá lọ.

“Ìyá ọmọ mi,” ni bàbá wí, “kùn, jọ̀ọ́. Kùn fún mi.”

Ìyá yíjú sí i.

“Níbo lẹ tún ń gbé mi lọ báyìí? Ẹ ti kọjá ilé!”

Wúyẹ́wúyẹ́ náà ni, ṣùgbọ́n ó dé etí bàbá pérépéré. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. “Mo gbọ́! Mo gbọ́ ẹ!”

Ìyá fọwọ́ kan etí ara rẹ̀, ó tẹ orí sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, ó ń sín in jẹ.

“Hẹ̀n?” ló wí. “Kí lẹ wí?”