Ẹnu Tó Kún fún Omi

Òórùn àdín ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ bí ọyẹ́ bá ti dé. Ìwọ tí a jọ ń kọ ìròyìn lè fi mí rẹ́rìn-ín, nítorí aṣọ tó nípọn ni a fi ń lé òtútù ní Èkó tí a wà yìí. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, nígbà tí àwọn Òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú fún gbogbo ènìyàn, àdín ni a fi ń pa àyà àti ẹsẹ̀ kí a tó sáré wọ inú kùrukùru òwúrọ̀, tí ìrì ń kán sí wa lọ́rùn láti orí igi obì.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Ikọ́ fée ti ń bá a jà láti kékeré. Èéfín oko tí a ń sun àti eruku ilẹ̀ tí a ń kọ máa ń dí i lémìí, kò lè bá wọn roko, àwọn ará ilé sì ń pè é ní ọ̀lẹ. Nígbà tí àwọn oníṣòwò epo ní àwọn ń wá asáré tí yóò máa jíṣẹ́ fún àwọn ọlọ́kọ̀ ní Iwopin, létí ọ̀sà, kí ilẹ̀ tó ṣú, ó wí fún mi pé, “Iṣẹ́ yìí ni tèmi. Bí n kò bá rí i gbà, n kò mọ ohun tí mo wá ṣe láyé.”

Bàbá arúgbó kan ládùúgbò wa, tó ti ṣe asáré nígbà ogun, ló kọ́ wa. Ó ní a kò gbọdọ̀ dá nìkan sáré nínú igbó lásìkò ọyẹ́, a kò sì gbọdọ̀ sáré lórí afárá igi tí ìrì bá ti rẹ; kí a rìn ín ni. Èyí tó yà wá lẹ́nu ni ti omi. “Ẹ bu omi sẹ́nu. Ẹ má gbé e mì, ẹ má tu ú, àfi tí oòrùn bá yọ. Imú ni kí ẹ máa fi mí, kí òtútù má bàa já wọ àyà yín.” Ó wò wá títí. “Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, bí òkété tó kó ẹkùrọ́ sẹ́nu!” Ẹ̀rín pa ẹ̀gbọ́n mi, omi tú sí i láyà, a sì tún bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ọyẹ́ yẹn ni a fi ń sáré lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, tí a ń sáré bọ̀. Obìnrin kan tó máa ń ru igi ìdáná kò yé fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. “Ẹ káàárọ̀ o! Ẹ ò dáhùn? Àbí wọ́n ti fi ẹnu yín dógò ni?” A ó kàn nawọ́ sí i, a ó kọjá. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ̀gbọ́n mi mí tí àyà rẹ̀ kò dún.

Ní ọjọ́ ìdánwò, àwọn oníṣòwò rán wa níṣẹ́ sí Iwopin, kí a jẹ́ ẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kùrukùru bo ọ̀nà. A ti kọjá Àgọ́-Ìwòyè, a ń rìn lórí igi tí wọ́n fi ṣe afárá odò kan, nígbà tí igi náà yí lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ṣubú, ó há mi lẹ́sẹ̀ mọ́ àpáta, omi sì dé mi lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n mi fà mí, kò lè yọ mí. Ó tu omi ẹnu rẹ̀.

Òtútù àti ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí n rántí ìyókù; obìnrin tó ń fọ epo nítòsí ibẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. “Mo ń koná sábẹ́ ìkòkò nígbà tí mo gbọ́ ọ. ‘Ẹ gbà mí o, àbúrò mi ń kú lọ!’ Ó pè, ó pè. Ohùn rẹ̀ ń há lọ, ṣùgbọ́n kò dákẹ́ títí a fi yọ sí i.”

Òun àti ọkọ rẹ̀ ló gbé igi náà kúrò. Wọ́n gbé mi sídìí iná, ẹsẹ̀ mi ti wú. Àyà ẹ̀gbọ́n mi ń dún fée, fée. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká padà.”

“Ká padà síbo? Sọ́dọ̀ àwọn tó ń pè mí lọ́lẹ?” Ó bu omi sẹ́nu, ikọ́ tú u dànù. Ó tún bu òmíràn. Ó nawọ́ sí mi bí a ti máa ń nawọ́ sí obìnrin onígi yẹn, ó sì lọ.

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi san, mo lọ bá ọlọ́kọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi jíṣẹ́ náà fún ní Iwopin. Ó ní: “Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tó dé. ‘Ẹ dúró de epo Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ń bọ̀.’ Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ọ̀rọ̀ náà, ó ń sinmi láàárín wọn. Ó jíṣẹ́ tán kó tó jókòó. Nígbà tó jókòó, kò dìde mọ́.”

Àwọn oníṣòwò ránṣẹ́ sílé wa pé òun ni àwọn ì bá gbà. Àwọn tó ń pè é lọ́lẹ ló sunkún jù. Bàbá arúgbó náà jókòó lẹ́nu ọ̀nà wa títí ilẹ̀ fi ṣú.

Títí di òní, bí ọyẹ́ bá dé, mo máa ń bu omi sẹ́nu títí oòrùn yóò fi yọ. Àwọn ọmọ mi á kí mi, n ó nawọ́ sí wọn. O ti bi mí rí pé kí ló dé tí n kì í gé ọ̀rọ̀ àwọn tí ọ̀ràn ṣojú wọn kúrú, tí mo máa ń kọ ọ́ bí wọ́n ti sọ ọ́ gan-an. Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ lè gbà lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò ló yẹ jù kí ẹ̀gbọ́n mi pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Èmi ló là á fún.