Iyùn Ọrùn Ọwọ́ Ọ̀tún

Ìka méjì. Nọ́ọ̀sì Agatha gbé wọn lé ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó gbìyànjú láti tì wọ́n bọ abẹ́ okùn iyùn tó yí ọwọ́ náà ká. Wọn kò wọlé. Ó fi èékánná gbé ìlẹ̀kẹ̀ kan sókè. Àyè tó yọ kò gbà ju ewé koríko kan lọ. Ó ti okùn náà sókè, ẹran ara dí i lọ́nà. Ó fà á sísàlẹ̀, egungun dá a dúró. Iṣan tó ń wá wà lábẹ́ ibẹ̀ gan-an, ó ń lù bí ẹni tó ti kan ilẹ̀kùn títí tó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ òsì náà ní iyùn tirẹ̀. Kò yàtọ̀.

Olóyè Ọbayẹmí ni ọkùnrin náà. Ọdún 1956. Lọ́rì kòkó ló gbé e bọ̀ sí Ọ̀wọ̀ láti Uso, lọ́rì náà sì dojú dé lójú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ méjèèjì rún. Ẹ̀jẹ̀ tó dà sójú títì pọ̀ débi pé àwọn iṣan tí a fi ń gba omi sára ti fún pọ̀, wọn kò hàn mọ́. Dókítà wá wọn ní ìgbúnwọ́, kò rí wọn. Ó wá wọn ní ọrùn. Òfo. Òyìnbó tó ti ṣiṣẹ́ lójú ogun ni dókítà yìí, ó sì mọ ọ̀nà kan tó ṣẹ́ kù: kí wọ́n la awọ ọrùn ọwọ́, kí wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ iṣan tó ń lù níbẹ̀, èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ tààrà láti ọkàn, kí wọ́n sì fi agbára ti ẹ̀jẹ̀ mìíràn wọlé. Ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀. Mojíbọ́lá, ìyàwó ọkùnrin náà, ló fi sílẹ̀. Ìgò rẹ̀ ti ń rọ̀ lórí irin.

Iyùn ni ìgò ń dúró dè.

Ní agbo ilé Ọbayẹmí, ẹni tó bá so iyùn mọ́ olóyè lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìwúyè nìkan ló lè tú u. Ẹni tó so èyí wà lóko ní Okeluse. Wọ́n ti ní kí ẹnì kan gun kẹ̀kẹ́ lọ pè é. Kẹ̀kẹ́. Láti Ọ̀wọ̀ dé Okeluse.

Fẹ̀sọ̀jayé, ẹ̀gbọ́n Ọbayẹmí, dúró ti ibùsùn. Ó na ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ sórí ọwọ́ àbúrò rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà.

"Bàbá," Agatha ní, "bí a bá dúró de ẹni náà, òkú ni yóò bá."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣe iṣẹ́ yín. Ẹ má fọwọ́ kan iyùn."

"Abẹ́ iyùn ni iṣẹ́ mi wà."

"Ẹ wá ibòmíràn. Ara rẹ̀ pọ̀."

"Ẹsẹ̀ ni ẹ fẹ́ kí n lò? Ẹ ṣí aṣọ yẹn, kí ẹ wò ó."

Kò ṣí i.

Èdè tí Fẹ̀sọ̀jayé fi ń bá Agatha sọ̀rọ̀ ló ń bí mi nínú jù. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀. Yorùbá tí wọ́n ń bá àlejò sọ ni. Òótọ́ ni pé Ìkàrẹ́ nílẹ̀ Àkókó ni bàbá Agatha ti wá, láti wá ṣe tíṣà nílé ìwé ìjọ Àgùdà. Ṣùgbọ́n Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bí Agatha sí. Ibẹ̀ ló ti pọn omi, ibẹ̀ ló ti wẹ ọmọ wọn, tó di egbò wọn, tó pa ojú òkú wọn dé. Ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀ ló fi ń dá Fẹ̀sọ̀jayé lóhùn. Òun ń fi èdè àlejò fún un lésì.

"Ọmọ Àkókó," ó ní, "ẹ ò lè mọ̀. Ẹ ò ní irú èyí lọ́dọ̀ yín."

"Sùúrù la ní lọ́dọ̀ wa, Bàbá. Òun náà ń tán lọ."

Agatha wo dókítà. Dókítà wo fèrèsé. Nígbà kan rí, ó já ońdè, oògùn tí wọ́n so mọ́ ìdí ọmọ kan, láìbéèrè, àdúgbò kan sì kọ̀ láti wá sílé ìwòsàn mọ́. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń bà á.

"Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì," ó ní. Abẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹ tó mú, ẹnu tó kú.

Mojíbọ́lá dìde níbi tó jókòó sí. Òwú ṣì wà ní ìgbúnwọ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n tú u. Èmi ni mo ń fi kànìnkànìn fọ ọwọ́ yẹn fún un."

"Ìyàwó, obìnrin kì í tú u."

"Ẹ̀jẹ̀ mi lè wọ inú rẹ̀, ìka mi ni kò gbọdọ̀ kan ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀?"

Fẹ̀sọ̀jayé ní kí wọ́n dúró de kẹ̀kẹ́.

Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń pe èyí ní àṣà. Àṣà ni kí a so iyùn. Kí ènìyàn dúró ti ọmọ ìyá rẹ̀ tó ń kú lọ, kó máa ṣọ́ okùn, ìyẹn kò lórúkọ nínú àṣà kankan tí mo mọ̀.

Agatha tún gbé ìka síbẹ̀. Iṣan náà lù. Ó fo ọ̀kan. Ó lù. Agatha na ọwọ́ sínú àwo irin, ó mú àlùmọ́gàjí, ó sì gé okùn náà lábẹ́ ọ̀pá.

Iyùn fọ́n ká. Mojíbọ́lá kúnlẹ̀, ó tẹ́ ìró rẹ̀, ó ń ṣà wọ́n sínú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Awọ tó wà lábẹ́ okùn náà mọ́ bí ti ọmọ tuntun. Abẹ dókítà wá rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ó la awọ, ó wá iṣan náà rí, ó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà fò padà sínú rọ́bà, ó ń fò bí ọkàn ṣe ń lù. Abẹ́rẹ́ ti wọlé. Agatha bẹ̀rẹ̀ sí í fún rọ́bà tó ń ti ẹ̀jẹ̀, kò sì dúró títí ìgò fi gbẹ. Fẹ̀sọ̀jayé ń ṣépè lé e lórí. Ní ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀, nígbẹ̀yìn gbẹ́yín.

Kí oòrùn tó wọ̀, Ọbayẹmí béèrè omi. Lẹ́yìn náà ló béèrè iyùn.

"Ta ló já a?"

"Àjèjì kan ni," Fẹ̀sọ̀jayé ní.

Àgbò ni wọ́n fà wá fún dókítà. Agatha, wọ́n fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn. Wọ́n gbé e lọ sí ilé oògùn kékeré kan ní Elegbeka, iyàrá kan ṣoṣo tí òjò ń wọ̀. Dókítà tó já a kulẹ̀ ló sọ pé fún ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ̀ ni. Ọbayẹmí tún rìn, pẹ̀lú igi lábíyá méjèèjì. Ó lọ sí ààfin, ó lọ sí ọjà. Kò dé Elegbeka rí. Mojíbọ́lá nìkan ló ń lọ.

Láti ọdún náà, ọwọ́ òsì nìkan ni wọ́n ń so iyùn mọ́ fún olóyè ní agbo ilé Ọbayẹmí.