Pátákó Funfun Adéwálé

Kí n má purọ́, mo jowú Adéwálé láti ọjọ́ tó ti gbé pátákó funfun dé ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ wa ní Challenge n'Ìbàdàn. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń kọ́ èèyàn ní mọ́tò níbẹ̀. Òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sì ti ń gbé àga lọ síwájú rẹ̀. Màmá tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà ti ní òun máa fi ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ṣe ọ̀gá.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń dán awakọ̀ wò ni Adéwálé ń là yé wọn. "Tí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ yà sí Ring Road, turn nìyẹn. Tí ewúrẹ́ bá já lu títì, tí ẹ yà fún un lójijì, swerve ni. Tí ẹ bá ń wo fóònù, tí mọ́tò rọra ń fi ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀, veer ni wọ́n ń pè é. Tí wọ́n bá dí ọ̀nà Dùgbẹ̀, tí wọ́n darí yín gba Onírèké, divert ni."

Ó dùn létí. Ohun tó bí mi nínú gan-an nìyẹn. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Èmi náà ń rù.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni Ìyá Wúrà, aránṣọ kan láti Ẹlẹ́yẹlé. Ó fẹ́ máa wa mọ́tò tí ọkọ rẹ̀ tó dolóògbé fi sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n lọ jókòó lọ́dọ̀ Adéwálé díẹ̀."

Mo ní, "Ṣé ẹnu lẹ máa fi wa mọ́tò ni?" Ó rẹ́rìn-ín, kò lọ.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ó wakọ̀ dáadáa. Ẹni tó ń dán an wò wá bi í pé kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín turn àti swerve. Ó wo ojú mi. Mo wolẹ̀. Wọ́n ní kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń bèèrè?" Ó bi mí bí a ṣe ń padà bọ̀.

"Mo mọ̀."

Ojú tì mí.

Lọ́jọ́ kejì, èmi fúnra mi ni mo gbé àga fún un síwájú pátákó yẹn, mo sì gbé tèmi tì í. Adéwálé ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n." Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ká ní ó ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ìbá rọrùn fún mi.

Ìyá Wúrà yege. Adéwálé ni Màmá fi ṣe ọ̀gá. Títí dòní, bí wọ́n bá pè é ní ọ̀gá, ó ṣì máa ń dùn mí. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi bá ti balẹ̀ lórí mọ́tò, èmi náà ni mo ń mú un lọ bá a.