Funfun Báláú Kò Fọwọ́ Síwèé Ọdún Méjì

Funfun Báláú ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin alágbàfọ̀ náà. Bó ti wù kí aṣọ funfun dọ̀tí tó, tó bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, dídán ni yóò máa dán. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tó ń lò kò yẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn, kò sí omi ẹ̀rọ níbẹ̀, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ò sì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Lọ́jọ́ òjò, yàrá tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń sùn ló ń sá aṣọ oníbàárà sí. Ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, a máa forí la àárín ṣòkòtò oníṣòkòtò kọjá kó tó rí ibùsùn.

Nígbà tí àdéhùn ṣọ́ọ̀bù náà parí, bàbá onílé gbé ìwé tuntun wá, ti ọdún méjì gbáko.

"Ọmọ mi, fọwọ́ sí i kí ọkàn gbogbo wa balẹ̀. Bí o ò bá fẹ́, máa san án lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n oṣù tó bá wù mí ni mo lè ní kí o kó jáde o."

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó, Bàbá."

Ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ fọ́tò tó wà ní ìkóríta ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀, àgbàlá rẹ̀ fẹ̀, oòrùn sì ń pa á dáadáa. Àwọn ará àdúgbò ti ń sọ ọ́ kiri pé fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ fọ́tò náà, pé ó ṣeé ṣe kó kúrò. Ìgbà wo? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí Funfun Báláú bá fọwọ́ sí ọdún méjì, tí ibẹ̀ wá ṣófo lọ́la, ojú lásán ni yóò fi wò ó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbọ́, ó figbe ta. "Oṣooṣù kẹ̀! Ẹyẹ bà lé okùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ ẹyẹ!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹyẹ tó bà lé okùn ṣáà lè fò."

Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ṣe bí ọkàn rẹ bá ti sọ. Ìwọ lò ń fọṣọ, èmi kàn ń sùn lábẹ́ ẹ̀ ni."

Ló bá yan oṣooṣù. Ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ fòpin sí i yóò fún ẹnì kejì láyè oṣù kan. Bàbá yọ ṣùtì, ó sì kọ ọ́.

Kò pẹ́ tí bàbá fi padà dé. Ẹnìkan fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù náà fún ọdún gbọọrọ. Kí alágbàfọ̀ palẹ̀ mọ́. Ó jókòó sórí ìdì aṣọ tí áyọ́ọ̀nù kò tíì kàn, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń dún létí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó rántí pé oṣù kan ṣì wà lọ́wọ́ òun. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, ó mú ọ̀nà ìkóríta pọ̀n.

Oníṣẹ́ fọ́tò ń nu eruku lára kámẹ́rà nígbà tó wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí ẹ kúrò níbí."

Ẹ̀rín pa ọkùnrin náà. "Ìwọ nìkan lo sọ ọ́ lójú mi! Ojú ló ń tì mí. Bí mo bá kúrò, wọ́n á ní iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ mi."

"Ta ló ní kí ẹ kúrò pátápátá? Ẹ mú yàrá inú, ẹ fi iwájú àti àgbàlá sílẹ̀ fún mi. Ẹni tó bá gba aṣọ tó mọ́ lóló lọ́wọ́ mi, ṣé kò ní fẹ́ ya fọ́tò ni?"

Ọkùnrin náà gbé kámẹ́rà sílẹ̀. "O ò ṣe tètè wá?"

Obìnrin tó ni ilé ìkóríta náà gbà fún wọn. Ọkọ̀ akẹ́rù ọkọ rẹ̀ ló kó gbogbo ọpọ́n àti áyọ́ọ̀nù lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà wá, ó ń gbé ẹrù, ó ń kùn, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Funfun Báláú ṣí ẹ̀rọ, tí omi dà ṣọ̀ọ̀, ó pariwo bí ọmọdé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, aṣọ funfun ń fẹ́ lẹ́lẹ́ káàkiri àgbàlá. Oníbàárà àkọ́kọ́ gba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó sì gba yàrá inú lọ tààrà.